Amọ̀ Tó Fún Igi Abíọ́nà Lọ́rùn

Ẹ̀yin tí òjò há mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ́sàn-án yìí, ẹ sún mọ́ra, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má bàa rọ sí yín lẹ́yìn. Ẹ̀pà wà nínú igbá yẹn. Mo ti kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀ kí ẹ tó dé, kí ọkàn yín balẹ̀. Ìwọ oníkẹ̀kẹ́, mo rí ojú tí o fi wò mí nígbà tí mo jágbe mọ́ ọ pé kí o gbé kẹ̀kẹ́ rẹ kúrò lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ mi. Ò ń sọ nínú ara rẹ pé orí arúgbó yìí ti dàrú. Orí mi kò dàrú. Ilẹ̀ abẹ́ igi yẹn ni n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀, ì báà ṣe ọlọ́lá, ì báà ṣe mẹ̀kúnnù. Òjò yìí kò sì ní í dá kíákíá, nítorí náà n óò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Èmi ni Ọdẹ́gbàmí. Ẹkùn tó bá gbóòórùn mi a máa padà lọ bá ìyàwó rẹ̀ nílé pé òun kò jáde lónìí mọ́. Mo yìnbọn lu ẹfọ̀n kan rí, ẹfọ̀n méjì ló ṣubú, nítorí ẹ̀rù ló pa èkejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ni mo fi dàgbà, ìfura ni. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi kò lo oògùn náà bí oògùn, bí omi ni mo ń mu ún. Bí ẹnì kan bá kí mi kú àárọ̀, n óò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run bóyá àárọ̀ ni lóòótọ́. Móríyìkẹ́ ìyàwó mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí mo bá kú, n óò yẹ inú pósí wò kí n tó gbà kí wọ́n tẹ́ mi sí i.

Ní ọdún tí à ń kó lọ sí abà tuntun wa, tí a ru gbogbo ohun èlò tí a ó fi kọ́lé, ìrọbí mú Móríyìkẹ́ lójú ọ̀nà. Ó bí ọmọbìnrin kan sí ìdí igi àgbálùmọ̀ kan láàárín igbó. Abíọ́nà la sọ ọ́, orúkọ tí ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà ń jẹ́. Móríyìkẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ibi ọmọ náà sí ìdí igi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ẹni tó bá ráyè hú u lè fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ohun tó bá wù ú.

Bí ó ṣe ń bo ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ni Láwoore ọ̀rẹ́ mi, ọdẹ bíi tèmi, yọ láti ọ̀nà odò. Ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o." Ó sì wo ilẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó wo ilẹ̀. Kí ló ń wá nílẹ̀? Nígbà tí ó lọ, mo bu amọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan lé ibẹ̀ kí ojú rẹ̀ má bàa hàn, a sì bá tiwa lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ Láwoore. Bí ó bá fún mi lẹ́ran ìgbẹ́, ajá ni mo ń fún jẹ. Nígbà tí ó pẹ́, kò wá sílé mi mọ́, mo sì sọ fún ara mi pé, ẹ wò ó, ẹ̀rí ọkàn ń dà á láàmú.

Nígbà tí Abíọ́nà pé ọmọ ogún ọdún, tí àwọn àna ti ń yọjú, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Kò lè rìn láti yàrá dé ìdí àdógán kó má jókòó sinmi. Àgbo kò ràn án. Ní àràárọ̀ a sì máa ń bá ewé gbígbẹ kan lórí ẹní rẹ̀, ewé tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí idẹ. Mo fura sí aládùúgbò. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn láti ìdájí, ojú mi báyìí ni ewé náà sì ṣe já bọ́ láti òrùlé tí kò ní ihò kan.

Móríyìkẹ́ mú ewé náà, ó yí i padà, ó jókòó sílẹ̀.

"Bàbá Abíọ́nà," ó ní, "ewé àgbálùmọ̀ ni. Igi tí mo sin ibi rẹ̀ sí ló ń kú, ó sì ń fa ọmọ mi lọ́wọ́ lọ."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Èmi ni mo bí i. Ẹ lọ wò ó. Bí oṣù tó wà lókè yìí bá fi kú, tí ẹ kò rí nǹkan ṣe sí i, ẹ kò ní bá a nílé."

Mo gbé ìbọn. Mo gbé àpò ọdẹ mi tí oògùn kún dẹ́nu kọ́rùn. Mo wọ igbó. Ẹnì kan ti pa igi náà lára, ẹni náà ni mo fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ogún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan. Igbó tí ènìyàn kò bá rìn mọ́, àwọn mìíràn á máa rìn ín. Igbó tí mo fi ìdajì ọjọ́ là kọjá nígbà náà ti di igbó ìwin, ọ̀nà tí mo mọ̀ ti lọ síbòmíràn, àwọn igi sì ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn bí mo bá ti kọjá tán.

Ibi tí mo kọ́kọ́ já sí ni ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ṣọ́raẹ. Gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ló ní ojú kẹta ní ìpàkọ́, ojú náà kì í sì í ṣẹ́. Bí ẹni méjì bá pàdé, wọn kì í dúró kí ara wọn. Wọn a máa yí ara wọn po, olúkúlùkù ń wá ọ̀nà àti rí ẹ̀yìn ẹnì kejì, títí oòrùn yóò fi yẹ̀ lórí wọn. Ọjà wọn kì í tà, nítorí ẹni tó ń tà rò pé olè ni ẹni tó ń rà, ẹni tó ń rà sì rò pé májèlé ni wọ́n pàtẹ. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ wọn, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n kan tó fẹ̀yìn ti ògiri, nítorí kò fọkàn tán ojú ìpàkọ́ ara rẹ̀.

Wọ́n gbé àpótí fún mi pé kí n jókòó. Mo dojú àpótí dé, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá a láti gbọ́ bí ó ṣe ń dún, n kò sì jókòó. Wọ́n gbé ẹmu fún mi. Mo da díẹ̀ sílẹ̀ fún eèrà, mo dúró títí eèrà fi mu ún yó, n kò sì mu. Ni obìnrin kan bá ti oko dé, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ orí rẹ̀ ti fẹ́ yẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ bá mi sọ ẹrù yìí." Mo fi ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ẹrù náà wó lulẹ̀, gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́ fún mi. Obìnrin yẹn nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń ṣa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ọmọ wa ni ọ́," Baálẹ̀ wí. "Ó kù kí a gbẹ́ ojú sí ọ ní ìpàkọ́, o pé. Níbo lò ń lọ?"

Mo sọ fún un.

"Mo ń gbọ́ bí igi yẹn ṣe ń kérora láti ìhín. Ọ̀tá ló ṣe é. Kí o sì rántí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ẹni tó bá bèèrè nǹkan kó tó ṣiṣẹ́ fún ọ, o mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ lásán, sá fún un."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ilé ló ti wà nínú mi, ẹni tí yóò bá mi sọ ọ́ jáde ni n kò tíì rí.

Ní ọjọ́ kejì mo dé ìdí igi. Ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ ní apá kan, èyí tó kù sì ń rọ̀ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ilẹ̀ yí i po bí ilẹ̀ àgbàlá ààfin, ó pọ́n, ó ń dán, kò sí koríko kan, kò sí ihò ekòló kan. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ lé e, ó dún gbì. Òjò àná ṣì dúró lójú rẹ̀, kò rí ibi wọ̀. Mo fi etí ti èèpo igi náà. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni ikọ́ ọmọ mi, bí ó ṣe ń wú u lórí ẹní nílé gan-an.

Bí mo ṣe ń wá ojú ẹsẹ̀ ọ̀tá kiri ni ohùn kan wá láti inú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà.

"Ọdẹ, má fi irin kàn án."

Arúgbó obìnrin kan yọrí. Irun gígùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, eyín méjì yọ síta níwájú, ó sì fi ìrù rẹ̀ gba ìdí bí ọ̀já. Òkété ni, òkété tó tó ènìyàn.

"Ìyá Abẹ́gbòǹgbò ni wọ́n ń pè mí. Abẹ́ ilẹ̀ ni mo ti dàgbà. N óò kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣí i."

"Kí lẹ fẹ́ gbà?"

"Mi ò fẹ́ gba nǹkan kan."

Mo na ìbọn sí i. Lásán ni ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Baálẹ̀. Èyí tó tún wá burú jù, òkété ni, ẹran tí gbogbo ayé ti pa lówe. Mo pa á sí i létí ketekete: Òkété, báyìí ni ìwà rẹ, o bá Ifá mulẹ̀, o da Ifá.

Arúgbó náà wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin ọdẹ lẹ máa ń pa òwe yẹn," ó ní. "Àwa náà ní èyí tí à ń pa nípa ọdẹ, ṣùgbọ́n a kì í pa á lójú ìbọn." Ó sì wọ ihò rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin arẹwà kan fi dé, apá rẹ̀ méjèèjì irin láti èjìká dé ọmọ ìka, ọkọ́ tuntun léjìká. Ó kí mi dáadáa. "Ayárawalẹ̀ lorúkọ mi," ó ní. "Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwà niṣẹ́ mi. Itan ẹtu tó wà lẹ́yìn yín yẹn ni n óò gbà." Inú mi dùn. Ẹni tó bèèrè nǹkan rèé. Mo já itan ẹtu sílẹ̀ fún un. Mo ní, "Wa amọ̀ yìí kúrò fún mi, kíákíá."

Ọkọ́ àkọ́kọ́ ta padà. Èkejì sán ilẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta wọlé, mo sì gbọ́ ohun tó já nísàlẹ̀, tọ́ọ́. Oje funfun ṣàn jáde láàárín amọ̀ pupa náà. Láti inú igi ni ohùn Abíọ́nà ti wá. Kò pariwo, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó yà lẹ́nu pé, "Bàbá, ìka mi."

Mo fò mọ́ Ayárawalẹ̀. A jà láti ibẹ̀ dé etí odò, a jà padà. N kò ní purọ́ fún yín, apá irin kò ṣe é bá jà. Ṣùgbọ́n mo gbé e lékè, mo là á mọ́ òkúta, ilẹ̀ sì mì débi pé àwọn ará Ṣọ́raẹ fura. Nígbà tí ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. "Ẹ ní kí n wa ilẹ̀ kíákíá," ó ní, "mo wa ilẹ̀ kíákíá. Ẹ ò sọ pé kí n má gé nǹkan." Ó gbé itan ẹtu rẹ̀, ó ń lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò tàn mí jẹ. Mo wá ẹ̀tàn lára rẹ̀ títí, n kò rí i.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ihò òkété. Mo wà lórí àyà mi títí eèrùn fi gùn mí lẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní. "Ọmọ mi ló fẹ́ kú."

Ohùn rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀: "Ṣé o ti pa òwe tán?"

"Mo ti pa á tán, Ìyá."

Ó jáde. "Abẹ́ igi yìí ni ilé mi. Bí ó bá kú, òrùlé mi ló wó. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ò bá ti mọ̀, ká ní o bi mí." Ó jókòó, ó wá dá àlọ́ fún mi: "Kí ni ó ń jẹ ilẹ̀ tí kò léyín, tó ń wọlé tí kì í kanlẹ̀kùn?"

Mo ní, "Ejò." Ó ní rárá. Mo ní, "Olè."

"Mo mọ̀ pé olè lo máa rò," ó ní. "Omi ni. Amọ̀ kì í gbọ́ ti irin. Bí o bá lù ú, ó ń le sí i ni. Omi ni kí o fún un mu, díẹ̀díẹ̀, kí ó mu ti àkọ́kọ́ tán kí o tó bu òmíràn lé e. Bí o bá dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣàn lọ, bí o bá sì jẹ́ kó dúró pẹ́, gbòǹgbò á jẹrà. Má bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi. Òkèèrè ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí òjìji ẹ̀ka parí sí, kí o máa bọ̀. Igi ṣóńṣó ni kí o fi dá ihò tí omi máa gbà. Bí o bá sì kan gbòǹgbò, má dábùú rẹ̀. Bá a lọ síbi tó ń lọ."

Odò kò jìnnà, ṣùgbọ́n kò sún mọ́. Arúgbó náà gbé akèǹgbè mẹ́ta jáde nínú ihò rẹ̀. Mo gbà á, mo sì ń fẹ̀yìn rìn lọ sódò, nítorí n kò fẹ́ gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Kí ló fẹ́ fi igi ọmọ mi ṣe bí n kò bá sí níbẹ̀? Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti yọjú sí i, mo kọsẹ̀, akèǹgbè kan fọ́. Mo gbé èkejì, mo tún fẹ̀yìn rìn, mo já sí kòtò, òun náà fọ́.

"Ó ku ọ̀kan," ó ní. "Mú èyí tó bá wù ọ́, kí o máa ṣọ́ mi tàbí kí o máa pọnmi."

Mo kẹ́yìn sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí yìí, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn kò kéré. N kì í kẹ́yìn sí àwọn tí a jọ mumi lọ́dún ìyàn pàápàá. Ìpàkọ́ mi ń yún mi títí mo fi dé odò, mo sì pọnmi náà láìwẹ̀yìn. Nígbà tí mo padà, arúgbó náà wà níbi tí mo fi í sí. Ó ń fi ewé tútù bo ojú gbòǹgbò tí Ayárawalẹ̀ gé, kí oòrùn má bàa gbẹ ẹ́. Ó ń fi ọwọ́ pa ewé náà lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Láti ìgbà náà dé ìrọ̀lẹ́ ni mo ń fún amọ̀ lómi mu. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, etí rẹ̀ ti rọ̀ bí iṣu tó jinná. Mo fi igi ha á, mo fi ọmọ ìka ha á. Àwọn gbòǹgbò ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ wà lára wọn tó dà bí irun ọmọ tuntun, bí mo bá sì ti fọwọ́ kan àwọn yẹn, igi á wúkọ́.

"Ọwọ́ rẹ wúwo jù fún wọn," Ìyá Abẹ́gbòǹgbò wí. "Atẹ́gùn ni kí o fi ṣe é. Àpò ọrùn rẹ ńkọ́?"

Inú àpò yẹn ni gbogbo ohun tó ń ṣọ́ mi láyé wà. Èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀tá rántí mi wà níbẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí èmi gbàgbé ọ̀tá sì wà níbẹ̀. Mo dà wọ́n sílẹ̀ sórí koríko, ara mi sì dà bí ara adìyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. Mo ki ọparun bọ àpò lẹ́nu, mo dè é, ó di ẹwìrì bíi ti alágbẹ̀dẹ. Mo ń tẹ̀ ẹ́ fìì, fìì, atẹ́gùn ń gbá amọ̀ tó ti rọ̀ kúrò lára gbòǹgbò wẹ́wẹ́, kò sì sí ọ̀kan tó já.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ilẹ̀ igbó náà dúdú, ṣùgbọ́n amọ̀ tí mo ń ṣí yìí pupa.

"Ìyá, amọ̀ yìí kì í ṣe ará ìhín."

"Kì í ṣe ará ìhín. Ìdí ògán ni wọ́n ti bù ú."

"Ta ló bù ú?"

"Mi ò sí lókè lọ́jọ́ náà. Inú ilé ni mo wà. Mo kàn gbọ́ tí ẹnì kan ń lù ú lé mi lórí, gbì, gbì, gbì, láti ọ̀sán títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Mo ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé, kí ni igi yìí ṣe fún ẹni yìí tó fi kórìíra rẹ̀ tó báyìí?"

Mo ti mọ ẹni náà. Láwoore, tó wo ilẹ̀. Inú mi gbóná, bẹ́ẹ̀ ni inú mi sì dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, nítorí ogún ọdún ni mo ti ń sọ pé òun ni. Mo bura níbẹ̀ pé bí mo bá délé, ìbọn mi ni yóò kọ́kọ́ kí i.

Ìpele mẹ́ta ni amọ̀ náà. Bí mo ti ń fi ẹwìrì fẹ́ abẹ́ ìpele òkè, odindi rẹ̀ ṣí, mo gbé e kúrò. Ojú ìpele kejì hàn, ojú igi tí wọ́n fi lù ú sì wà lára rẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Igi pẹlẹbẹ tí a fi ń lu ilẹ̀ ilé ni. Gbogbo ojú náà ló ní ibi tó ya díẹ̀ ní igun kan, bí eyín tó kán.

Mo mọ igun yẹn. Igi ìlulẹ̀ baba mi ni. Èmi ni mo fi pa ẹkùrọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, tí igun rẹ̀ fi ya, baba mi sì nà mí lọ́jọ́ náà. Kò sí irú rẹ̀ méjì láyé, inú ẹrù ilé kíkọ́ wa ló sì wà lọ́jọ́ tí a bí Abíọ́nà.

Ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan. N kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Bí ó ṣe rí nínú ọkàn mi fún ogún ọdún nìyẹn. Níwájú igi yẹn ni gbogbo rẹ̀ padà bọ̀. Bí Láwoore ṣe kẹ́yìn ni mo wá ògán lọ. Agbọ̀n mẹ́rìnlá ni mo bù. Mo pò ó, mo tẹ́ ẹ, mo lù ú, mo tún tẹ́ òmíràn lé e, mo ń fi gbogbo agbára ọkùnrin mi lù ú kí ẹnikẹ́ni láyé má lè hú ibi ọmọ mi. Móríyìkẹ́, tara rẹ̀ kò tíì le, sọ fún mi láti orí ẹní pé, "Bàbá Abíọ́nà, ó tó." Mo dá a lóhùn pé kò mọ ayé.

Mo wá ọ̀tá ọmọ mi dé ìdí igi, ojú ọwọ́ ara mi ni mo bá níbẹ̀. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwọ ni?" Ìyá Abẹ́gbòǹgbò bi mí.

"Èmi ni, Ìyá."

Ó gbé akèǹgbè tó kù lé mi lọ́wọ́. "Ó ku ìpele méjì," ó ní. "Lọ pọnmi."

Mo pọnmi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣí ìyókù, n kò sì gé irun gbòǹgbò kan. Nígbà tí a parí, a kó ewé jíjẹrà bò wọ́n, fúyẹ́fúyẹ́, arúgbó náà kò sì jẹ́ kí n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo fi etí ti èèpo igi. Igi náà mí, ó mí kanlẹ̀. Èso kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀ já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, mo fi í sínú àpò mi tó ti ṣófo. Àwọn oògùn ọ̀hún, n kò padà lọ ṣa wọ́n.

Nígbà tí mo délé, Abíọ́nà ló ń gúnyán. Ṣùgbọ́n ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ nà gbọnrangandan lára ọmọ odó, kò ká, kò sì ká títí di òní. Mo pe òun àti ìyá rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Abíọ́nà wo ìka rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀rù ń bà yín pé kí wọ́n má gbé mi lọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ lọ sọ fún Bàbá Láwoore."

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lóṣù kan ṣoṣo, èmi tí n kò dọ̀bálẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá. Mo ní, "Láwoore, kí lo ń wò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí ìyàwó mi bímọ sọ́nà. O wo ilẹ̀."

Ó ronú títí ó fi rántí. "Ṣebí orí ewé lẹ tẹ́ ọmọ sí," ó ní. "Ọmọ ni mo wò."

Òun náà nìyẹn nídìí igbá ẹ̀pà, tí kò tíì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sinmi láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Abíọ́nà relé ọkọ. Nígbà tí oyún rẹ̀ pé, ilé wa ló wá bí i sí. Wọ́n gbé ibi ọmọ fún mi pé kí n sin ín, mo sì fi kóró èso yẹn sí i. Mo bo ilẹ̀ náà. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi gbéra láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Abíọ́nà wà lójú fèrèsé, ó gbé ọmọ mọ́ra, ìka tí kò ká yẹn yọ síta lẹ́yìn aṣọ ọmọ.

"Bàbá," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Mo gbé ẹsẹ̀ mi, mo gbé e síbòmíràn.

Igi tó hù níbẹ̀ ni o fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ tì yẹn, ìwọ oníkẹ̀kẹ́. Òjò ti ń fà sẹ́yìn. Kí ẹ tó lọ, ẹ wo àgbàlá yìí dáadáa. Omi dúró síbi gbogbo, ṣùgbọ́n lábẹ́ igi yẹn, ó ti wọlẹ̀ lọ. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá.